Ohun Tí Òfin Béèrè Pé Kí Ilé-iṣẹ́ Sọ Nípa Owó Ìpín Rẹ̀ Nínú Ìwé Ìṣirò Ọdọọdún

Ọ̀pọ̀ ará ìpínlẹ̀ wa ni owó wọn wà nínú ilé-iṣẹ́ lónìí. Àwọn kan ra ìpín báǹkì ní ọdún gbọọrọ sẹ́yìn, wọ́n sì tọ́jú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sínú àpótí. Àwọn mìíràn jogún irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ bàbá tàbí ìyá wọn. Àwọn kan wà tí ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí pè pé kí wọ́n wá da owó pọ̀ láti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni a rí àwọn oníṣòwò àti àgbẹ̀ tí wọ́n ń ta ọjà àwìn fún ilé-iṣẹ́. Ìbéèrè kan náà ni ó kan gbogbo wọn: èló gan-an ni àwọn tí ó ni ilé-iṣẹ́ náà fi sílẹ̀, èló ni ó kù tí wọn kò tíì san, ta ni ó sì ni èwo nínú rẹ̀?

Òfin kò fi ìdáhùn ìbéèrè yìí sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó pa á láṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò owó rẹ̀ ní ọdọọdún. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣàlàyé ohun tí ó yẹ kí ẹ rí nínú ìwé náà, ìdí tí ó fi yẹ kí ó wà níbẹ̀, àti ohun tí ẹ lè ṣe bí ẹ kò bá rí i.

Kí ni owó ìpín?

Owó ìpín ni ojú owó tí àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, àti àwọn tí ó dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà, gbé kalẹ̀ kí òwò lè bẹ̀rẹ̀ tàbí kí ó lè gbòòrò. A pín owó náà sí wẹ́wẹ́; ọ̀kọ̀ọ̀kan wẹ́wẹ́ yìí ni a ń pè ní ìpín, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí ṣíà. Ẹni tí ó bá ní ìpín ni oníìpín.

Owó yìí kì í ṣe àwìn, kì í sì í ṣe èsúsú. Ẹni tí ó dá èsúsú mọ̀ pé owó òun yóò padà wá nígbà tí ó bá kan òun. Ẹni tí ó yá ilé-iṣẹ́ lówó náà ní ọjọ́ tí wọn yóò san án padà. Ṣùgbọ́n owó oníìpín dúró sínú òwò. Bí èrè bá wà, òun ni yóò jẹ nínú rẹ̀. Bí àdánù bá dé, owó tirẹ̀ ni àdánù náà yóò kọ́kọ́ kàn kí ó tó kan ti àwọn onígbèsè. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni tí ó fẹ́ ta ọjà àwìn fún ilé-iṣẹ́ fi ń wo owó ìpín rẹ̀ bí ẹni wo ìpìlẹ̀ ilé.

Ó yẹ kí a ya àwọn nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀ níhìn-ín. Ẹni tí ó forúkọ òwò nìkan sílẹ̀ kò ní owó ìpín rárá; òun àti òwò rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà lójú òfin. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ìpín tirẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ òfin ìpínlẹ̀ ni ó wà, nítorí pé Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 yọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kúrò nínú ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Ilé-iṣẹ́ olówó ìpín, ìyẹn èyí tí orúkọ rẹ̀ sábà máa ń parí pẹ̀lú "Limited" tàbí "Plc", wà lábẹ́ òfin àpapọ̀ tí a ń pè ní CAMA. Àjọ CAC ni ó ń forúkọ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Lórí ilé-iṣẹ́ ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Àyípadà tí òfin ọdún 2020 mú wá

Lábẹ́ òfin àtijọ́ tí a ṣe ní ọdún 1990, ilé-iṣẹ́ a máa ní iye owó ìpín méjì. Àkọ́kọ́ ni iye tí a fọwọ́ sí pé ó lè gbé jáde. Èkejì ni iye tí àwọn ènìyàn gbà ní tòótọ́. Ilé-iṣẹ́ lè kọ sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ pé owó ìpín òun jẹ́ ₦100,000,000, nígbà tí ó jẹ́ pé ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan péré ni àwọn oníìpín gbà. Iye ńlá yìí ni wọn yóò máa fi yangàn lójú oníbàárà àti báǹkì. Ẹni tí kò bá ka àlàyé abẹ́ ìwé yóò rò pé owó náà ti wà nílẹ̀.

Ààrẹ orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí CAMA tuntun ní ọjọ́ 7, oṣù kẹjọ, ọdún 2020. Òfin yìí mú àṣà iye orí ìwé lásán yẹn kúrò. Iye ìpín tí a gbé jáde fún ènìyàn ni ó kù tí a ń kà. Iye tí ó kéré jù fún ilé-iṣẹ́ aládàáni ni ₦100,000; ti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ni ₦2,000,000. Àwọn ilé-iṣẹ́ àtijọ́ tí wọ́n ní ìpín tí kò tíì ní olówó gba àkókò títí di ọjọ́ 31, oṣù kejìlá, ọdún 2022 láti wá ẹni gbé e fún.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ kan tí ó ti pẹ́, ẹ lè rí iye méjì nínú àwọn ti ọdún àtijọ́, kí ẹ sì rí ẹyọ kan nínú ti ìsinsìnyí. Kì í ṣe pé owó kan ti sọnù. Òfin ni ó yí padà.

Ohun méje tí ìwé ìṣirò gbọ́dọ̀ sọ

Láti ọdún 2012 ni orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo òdiwọ̀n ìṣirò owó ti àgbáyé tí a ń pè ní IFRS, ní ìpele ìpele. Èyí tí a mọ̀ sí IAS 1 nínú rẹ̀ ka ohun méje sílẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ nípa oríṣi ìpín kọ̀ọ̀kan tí ó ní. Òdiwọ̀n tí a ṣe fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké béèrè ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọ́. Àwọn ohun méje náà nìyí:

1. Iye ìpín tí a fọwọ́ sí. Ní ilẹ̀ wa, iye yìí àti iye tí a gbé jáde ti di ọ̀kan náà báyìí.

2. Iye ìpín tí a gbé jáde tí a sì san owó rẹ̀ tán, àti iye èyí tí a gbé jáde ṣùgbọ́n tí owó rẹ̀ kò tíì pé.

3. Iye owó tí a kọ sára ìpín kọ̀ọ̀kan, yálà ₦1 ni tàbí 50 kọ́bọ̀, tàbí iye mìíràn.

4. Iye ìpín tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, iye tí ó wà ní ìparí ọdún, àti ohun tí ó fa ìyàtọ̀ àárín wọn.

5. Ẹ̀tọ́ tí ó wà lára oríṣi ìpín kọ̀ọ̀kan, àǹfààní tí ó ní ju òmíràn lọ, àti ìdènà tí ó wà lórí rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, àwọn ìpín kan wà tí olówó wọn ń gba èrè ṣáájú gbogbo oníìpín yòókù. Ó yẹ kí ìwé sọ èyí ní gbangba.

6. Ìpín ilé-iṣẹ́ náà tí ó wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀, tàbí lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó jẹ́ ọmọ rẹ̀ tàbí alájọṣe rẹ̀.

7. Ìpín tí a ti yà sọ́tọ̀ láti gbé fún ẹnìkan lọ́jọ́ iwájú nítorí àdéhùn, pẹ̀lú iye àti àwọn òfin àdéhùn náà.

Lẹ́yìn èyí, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ irú owó ìpamọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó ní àti ìdí tí ó fi pa á mọ́. Ó lè kọ gbogbo èyí sínú ìwé àfihàn dúkìá àti gbèsè, sínú ìwé àyípadà owó àwọn oníìpín, tàbí sínú àlàyé tí ó wà lẹ́yìn wọn. Inú àlàyé ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń kọ ọ́ sí. Ìdí nìyí tí a fi ń gbà yín níyànjú pé kí ẹ má ṣe dúró sí ojú ewé àkọ́kọ́.

Àpẹẹrẹ kan tí a fi lè rí i kedere

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé-iṣẹ́ aládàáni kan tí ó ń ṣe gàrí bí àpẹẹrẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó ní ìpín 4,000,000, a kọ ₦1 sára ìpín kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ni a sì ti san tán. Owó ìpín rẹ̀ jẹ́ ₦4,000,000. Láàárín ọdún, ó gbé ìpín 1,000,000 mìíràn jáde láti fi ra ẹ̀rọ, ó sì tà á ní ₦3 ẹyọ kan.

Owó tí ó wọlé jẹ́ ₦3,000,000. Ṣùgbọ́n ₦1,000,000 péré nínú rẹ̀ ni a ó kà mọ́ owó ìpín, nítorí pé ₦1 ni a kọ sára ìpín kọ̀ọ̀kan. ₦2,000,000 tí ó kù jẹ́ àlékún, a ó sì kọ ọ́ sí àkọsílẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní ìparí ọdún, ìwé ìṣirò yóò fi hàn báyìí:

Ìpín tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún: 4,000,000, owó rẹ̀ ₦4,000,000
Ìpín tí a gbé jáde láàárín ọdún: 1,000,000, owó rẹ̀ ₦1,000,000
Ìpín tí ó wà ní ìparí ọdún: 5,000,000, owó rẹ̀ ₦5,000,000
Àlékún owó ìpín: ₦2,000,000

Ìlà mẹ́rin péré ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n lè sọ fún oníìpín. Ká ní obìnrin kan ní ìpín 400,000 nínú ilé-iṣẹ́ yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, òun ni ó ni ìdá mẹ́wàá rẹ̀ kan, ìyẹn 10 nínú 100. Bí kò bá rà nínú ìpín tuntun, 8 nínú 100 ni yóò ní ní ìparí ọdún. Kò ta ẹyọ ìpín kan, kò sì sí ẹni tí ó jí tirẹ̀, síbẹ̀ apá tí ó ní nínú ilé-iṣẹ́ àti agbára ìbò rẹ̀ ti dínkù. Bí ilé-iṣẹ́ kò bá kọ ìlà kejì yẹn sínú ìwé, kò ní mọ̀.

Òfin tún fún un ní ẹ̀tọ́ kan. Ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ó fẹ́ gbé ìpín tuntun jáde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi lọ àwọn oníìpín tí ó wà nílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Ó yẹ kí a fi ìpín 100,000 lọ obìnrin yìí ní ₦300,000 kí a tó gbé e fún ará ìta. Nígbà tí ó bá rí i nínú ìwé ìṣirò pé a gbé ìpín jáde, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi lọ̀ ọ́, ìgbà náà ni yóò mọ̀ pé ó ní ẹjọ́ láti bi àwọn olùdarí.

Ìpín tí a kò tíì san tán

A kò gbọdọ̀ fojú kéré ohun kejì nínú àwọn ohun méje tí a kà sílẹ̀. Ìpín tí owó rẹ̀ kò tíì pé jẹ́ gbèsè lọ́rùn ẹni tí ó ni ín. Bí ẹnìkan bá gba ìpín 100,000 tí a kọ ₦1 sára rẹ̀, tí ó sì san 25 kọ́bọ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦25,000 ni ó san. ₦75,000 ṣì kù. Ilé-iṣẹ́ lè béèrè fún un. Bí ilé-iṣẹ́ bá wó lulẹ̀ láìsan gbèsè tán, ẹni tí a yàn láti kó dúkìá rẹ̀ jọ lè wá béèrè fún ₦75,000 náà, kí ó fi san àwọn onígbèsè.

Ibí yìí ni òkìkí "Limited" ti wá. Gbèsè ilé-iṣẹ́ kò lè lé oníìpín dé inú ilé rẹ̀ kọjá owó tí ó kù lórí ìpín rẹ̀. Ẹni tí ó ti san tirẹ̀ tán kò ní ohun mìíràn láti san. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ fi ìpín ta yín lọ́rẹ, tàbí bí ẹ bá jogún rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá owó rẹ̀ ti pé.

Owó ìpín kì í ṣe gbogbo owó tí ó wà nínú ilé-iṣẹ́

Ìdí kan wà tí òfin fi fẹ́ kí a kọ owó ìpín, àlékún rẹ̀, àti èrè tí a pa mọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn báǹkì wa ṣe àlàyé èyí dáadáa. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Báǹkì Àpapọ̀ Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àwọn báǹkì mú ojú owó wọn gòkè: ₦500 bílíọ̀nù fún báǹkì oníṣòwò tí ó ń ṣiṣẹ́ dé òkè òkun, ₦200 bílíọ̀nù fún èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè, àti ₦50 bílíọ̀nù fún ti ẹkùn. Wọ́n ní títí di ọjọ́ 31, oṣù kẹta, ọdún 2026.

Owó ìpín tí a san àti àlékún rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbà láti kà. Wọn kò ka èrè tí báǹkì ti pa mọ́ láti ọdún wọ̀nyí. Báǹkì tí àpapọ̀ owó àwọn oníìpín rẹ̀ ti kọjá iye tí wọ́n béèrè ṣì lè kù díẹ̀ káàtó, nítorí pé inú èrè ìpamọ́ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà wà. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́ ìpolówó ìpín báǹkì lórí rédíò lẹ́yìn àṣẹ náà. Ẹni tí ó bá mọ ìlà tí ó yẹ kí òun kà nínú ìwé ìṣirò báǹkì rẹ̀ yóò ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ bóyá báǹkì náà yóò wá owó kún owó.

Bí ojú owó bá ń jò

Àwọn oníṣòwò wa mọ̀ pé èrè ni à ń jẹ, a kì í jẹ ojú owó. Òfin náà sọ bẹ́ẹ̀. Inú èrè nìkan ni ilé-iṣẹ́ ti lè pín owó fún àwọn oníìpín lọ́dọọdún. Kò gbọdọ̀ mú owó ìpín kí ó pín in fún wọn bí ẹni pé èrè ni.

Bí àdánù bá sì mú kí ohun tí ó kù nínú dúkìá ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn gbèsè wá sílẹ̀ dé ìdajì owó ìpín tí a ti béèrè fún tàbí kí ó kéré sí i, àwọn olùdarí kò gbọdọ̀ dákẹ́. Òfin ní kí wọ́n pe àwọn oníìpín sí ìpàdé pàjáwìrì, kí wọ́n jọ gbìmọ̀ lórí ohun tí ó yẹ kí a ṣe. Ẹ lè ṣe ìṣirò yìí fúnra yín: ẹ mú àpapọ̀ dúkìá, ẹ yọ àpapọ̀ gbèsè kúrò, kí ẹ sì fi ohun tí ó kù wé owó ìpín.

Ta ni ó ni ìpín náà?

Iye owó nìkan kò tó. Ó yẹ kí a mọ olówó rẹ̀. Ìròyìn àwọn olùdarí, tí ó máa ń bá ìwé ìṣirò rìn, gbọ́dọ̀ sọ iye ìpín tí olùdarí kọ̀ọ̀kan ní. Nínú ilé-iṣẹ́ tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ẹni tí ó bá ní ó kéré tán ìpín 5 nínú 100 gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ hàn. CAMA ti ọdún 2020 tún béèrè pé kí ilé-iṣẹ́ sọ orúkọ ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní tòótọ́, kódà bí ó bá fi orúkọ ẹlòmíràn bojú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, àjọ CAC ṣí ìwé àkọsílẹ̀ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún aráàlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké

Òfin mọ̀ pé kò yẹ kí ẹrù ilé-iṣẹ́ kékeré wúwo bí ti ńlá. Ilé-iṣẹ́ aládàáni tí owó tí ó pa lọ́dún kò ju ₦120,000,000 lọ, tí dúkìá rẹ̀ lẹ́yìn gbèsè kò sì ju ₦60,000,000 lọ, lè jẹ́ ilé-iṣẹ́ kékeré, bí kò bá sí àjèjì tàbí ìjọba nínú àwọn oníìpín rẹ̀, tí àwọn olùdarí sì ní ìpín tí kò dín ní 51 nínú 100. Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò pọn dandan fún láti gba aṣàyẹ̀wò ìwé owó. Ṣùgbọ́n ìdásílẹ̀ yìí kò kan kíkọ ìwé ìṣirò sílẹ̀. Ó ṣì gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀, kí ó sì máa fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ sí CAC. Ọ̀pọ̀ ìjà láàárín ọmọ ìyá àti ọ̀rẹ́ tí ó jọ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ni ì bá má ti ṣẹlẹ̀ ká ní wọ́n kọ ẹni tí ó ní ìpín mélòó sílẹ̀, àti iye tí ó san lórí rẹ̀.

Ohun tí ẹ lè ṣe

Bí ẹ bá jẹ́ oníìpín, ẹ̀tọ́ yín ni láti gba ẹ̀dà ìwé ìṣirò, ó kéré tán ọjọ́ 21 ṣáájú ìpàdé tí a ó ti gbé e kalẹ̀. Ẹ fi iye ìpín ìparí ọdún tó kọjá wé ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí. Kò gbọdọ̀ sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Bí ó bá wà, ẹ béèrè ìdí.

Bí wọ́n bá ń pè yín wá ra ìpín, ẹ wo irú ilé-iṣẹ́ tí ó jẹ́. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kò ní ẹ̀tọ́ láti ké sí gbogbo ayé láti wá ra ìpín rẹ̀, àyàfi bí òfin bá gbà á láyè. Ẹ yẹ orúkọ rẹ̀ wò lórí ojú ewé CAC, kí ẹ sì béèrè ìwé ìṣirò rẹ̀ kí ẹ tó mú owó jáde.

Bí ẹ bá fẹ́ ta ọjà àwìn, ẹ béèrè iye owó ìpín tí a ti san, kì í ṣe iye tí wọ́n ń pariwo lẹ́nu.

Bí ẹ bá jogún ìpín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé náà jẹrà sínú àpótí. Ẹ gba ìwé àṣẹ ìpín ogún ní ilé-ẹjọ́, kí ẹ sì mú un lọ bá àwọn tí ó ń tọ́jú ìwé orúkọ oníìpín ilé-iṣẹ́ náà, kí wọ́n lè kọ orúkọ yín sí i.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, òwò àjọṣe sì ti gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn ga ní ìpínlẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ìlà díẹ̀ tí ó sọ nípa owó ìpín nínú ìwé ìṣirò ni ojú oníìpín. Ẹ máa kà á lọ́dọọdún, ẹ sì ran àwọn àgbàlagbà yín lọ́wọ́ láti kà á pẹ̀lú.